Kíbọọ̀dù Tó Ń Gbé Lẹ́tà Mì

Oríṣi òṣé mẹ́ta ni Motọ́lání máa ń pa, ẹni tó bá sì ti bá a ṣiṣẹ́ tó oṣù kan á ti mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkíní kéré, ti eṣinṣin ni, àti ti ẹni tó bá fi ọwọ́ àìfọ̀ gba ìwé. Èkejì gùn jù ú lọ díẹ̀. Ti ìjọba nìyẹn, àti ti iná mànàmáná. Ẹ̀kẹta ni kò wọ́pọ̀. Á kọ́kọ́ yọ awò ojú rẹ̀, á wo nǹkan náà látòkè délẹ̀ bí ẹni tó rí ìdin nínú ẹja tó ti jẹ dé ìdajì, á wá pa á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fa aṣọ ya. Láti oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, ẹ̀kẹta yìí nìkan là ń gbọ́ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa ní Oregbeni. Kíbọọ̀dù kan ló fà á.

Ìlárá-Mọ̀kín ni wọ́n ti bí Motọ́lání. Ọkọ ló gbé e wá sí Bìní, iṣẹ́ ìjọba ló dá a dúró síbẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ ìwé ní sẹkitéríàtì, láti ayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin tó jẹ́ pé bí lẹ́tà kan bá ṣì, odindi ojú ewé lo máa tún tẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń pè é ní Madam No Mistake, kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ ti kú, Yétúndé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń kàwé ní yunifásítì, ó ń gbé Ekosodin. Àwa Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣe akọ̀wé ọ́fíìsì wa. Kò béèrè ohun púpọ̀. Ó ní kí á fún òun ní tábìlì, kí á fún òun ní fáànù, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe jẹun nítòsí ìwé òun. A fún un ní tábìlì àti fáànù.

Nínú oṣù Keje, olè wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí Ààrẹ wa fi dá sí ọ̀rọ̀ náà. Alàgbà Títíloyè ni Ààrẹ wa, ọ̀gá báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ládùúgbò Ogbe, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣì ní kọ́kọ́rọ́ báńkì lápò. Ó fi àpótí irin kan ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ, kí á lè máa ti sípíyù mọ́ inú rẹ̀, ìyẹn ara kọ̀ǹpútà gan-an, ibi tí ọpọlọ rẹ̀ wà. Àpótí náà ì bá ti ọ̀bọ mọ́lé. Páànù tó nípọn bíi ti ọkọ̀ akóyanrìn ni wọ́n fi jó o. Ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ajọ̀ fún atẹ́gùn, ó ní àgádágodo méjì, wọ́n sì fi irin jó o sí iwájú rẹ̀ pé ÌTỌRẸ ALÀGBÀ J. A. TÍTÍLOYÈ, kí olè lè mọ ẹni tó ṣe òun ní ibi. Pásítọ̀ gbàdúrà sí i. Àáfà náà gbàdúrà sí i, torí ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wọ àpò Ààrẹ, a sì fẹnu kò pé Satide tó kẹ́yìn oṣù nìkan ni yóò máa ṣí i, ṣáájú ìpàdé, kí wọ́n lè gbọn eruku inú rẹ̀.

Ìgbà tí a fẹ́ gbé sípíyù wọlé la rí i pé jórinjórin gbàgbé ihò. Ọ̀kan péré ló lu sẹ́yìn àpótí, wáyà iná àti wáyà ojú kọ̀ǹpútà ti kún un dẹ́nu. Kò sí ibi tí wáyà kíbọọ̀dù àti ti máòsì yóò gbà jáde.

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nínú ẹgbẹ́ á ní kí wọ́n dá a padà fún jórinjórin kó lu ihò míì. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Àgbàlagbà tọrẹ, a ti pàtẹ́wọ́, a ti ya fọ́tò, ìwọ wá dìde pé ihò rẹ̀ ò pé? Gbogbo wa wo òrùlé. Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló já wa gbà. "Ayé ti kúrò ní ti oníwáyà," ló wí. Lọ́jọ́ kejì, ó ra kíbọọ̀dù àti máòsì tí kò ní wáyà wá. Kinní kékeré kan bá wọn wá, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Òun ló ń gba ohun tí kíbọọ̀dù bá sọ, tó ń rò ó fún kọ̀ǹpútà. Wọ́n ki kinní náà bọ ẹ̀yìn sípíyù, wọ́n ti ilẹ̀kùn irin mọ́ ọn, àgádágodo méjèèjì dún, ó di ìparí oṣù.

Bí ẹ bá ti ń fura sí nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un mọ́ra. Oṣù mẹ́ta ni àwa gbà, a sì lé ní ogójì.

Ọjọ́ kejì ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Motọ́lání á tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, mẹ́fà á jáde, ìyókù ò sí níbì kankan. Á tẹ lẹ́tà kan, kò ní jáde. Á tún un tẹ̀, kò ní jáde. Á pòṣé, lẹ́tà kan náà á wá tú síta ní mẹ́rìnlá bí ìjàlọ. Ti máòsì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọfà orí kọ̀ǹpútà á fò láti igun kan dé ìkejì, á dúró, á máa wò ó. Àfi tí ó bá gbé kíbọọ̀dù sórí itan, tó tẹ̀ sábẹ́ tábìlì níbi tí àpótí wà, bí ẹni ń fún ọmọ lọ́yàn, ni nǹkan máa ń rọ̀ díẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó ń rí i lára.

Bùrọ̀dá Ṣọlápé ló kọ́kọ́ rí ìdí ọ̀rọ̀. Òun ni alábòójútó ìgbáyégbádùn ẹgbẹ́, ẹ̀pà kì í sì í tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bátìrì ni. Ó ra mẹ́rin wá láti ẹ̀bá ọ̀nà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Motọ́lání ṣí ẹ̀yìn kíbọọ̀dù, ó sì rí omi kan tó ń yọ́ jáde lára wọn, ó lẹ̀, ó funfun létí bí ikun imú ọmọ tó ti gbẹ.

"Bùrọ̀dá Ṣọlápé, kí lẹ pe èyí?"

"Bátìrì tuntun ni, mà."

"Tuntun tó ń ṣomi bí egbò?"

"Ooru ni, mà. Bìní gbóná lásìkò yìí."

"Ẹ̀yin náà wà ní Bìní. Ẹ ò tíì máa yọ́."

Ó fi ìka méjì péré mú bátìrì náà, ó sọ ọ́ dà nù, ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó padà dé, Ṣọlápé ti jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ẹ̀pà ti máòsì síwá-sẹ́yìn, "kí n lè mọ ibi tó ti ń ṣe é." Máòsì náà ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Motọ́lání ní kó fi sílẹ̀. Ó fi tíṣù mẹ́ta nù ún, ó ká tíṣù náà pọ̀, ó sì gbé e lọ dà sí ààtàn níta, kò jẹ́ jù ú sínú garawa tó wà nínú yàrá.

A ra bátìrì olówó gọbọi. Kò yàtọ̀. A ra kíbọọ̀dù àti máòsì kejì. Tọ̀hún ṣe bíi ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, èyí tó fi hàn pé kò sí ojúsàájú nínú ọ̀rọ̀ náà. Pásítọ̀ ní bóyá a kánjú gbàdúrà ọjọ́ àkọ́kọ́. Àáfà ní tirẹ̀ ò kánjú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, gbogbo wa la mọ òwe náà. Àmọ́ ẹ̀tẹ̀ yìí ní orúkọ Ààrẹ níwájú.

Nígbà tí kò sí ohun tó kù láti rà, wọ́n kọjú sí ènìyàn. Ṣọlápé ló tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Ó ní ọwọ́ Màmá ló wúwo. Ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ti ba ìka wọn jẹ́, pé kíbọọ̀dù òde òní ń fẹ́ ìka tó fúyẹ́. Ó sì ṣẹlẹ̀ pé ó mọ ìka fífúyẹ́ kan: àbúrò ìyàwó rẹ̀, Tèmidire, tó lè tẹ fóònù láìwò ó.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí kì í bá ṣe ìwé ọgbọ̀n ọdún ẹgbẹ́. Orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, alààyè àti olóògbé, ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kó ti jáde ní ìparí oṣù Kẹwàá. Motọ́lání kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ jáde bí kíbọọ̀dù ṣe fún un. "Mi ò ní sin òkú olókùú ní àbọ̀ orúkọ," ló sọ fún ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n lọ ṣèpàdé láìsí i níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kọkànlá, Ṣọlápé mú ìwé kan wá.

"Màmá, ẹgbẹ́ fẹ́ bu ọlá fún yín."

"Ọlá kí ni?"

"Ẹ máa lọ sinmi, mà. Ní Satide ìparí oṣù yìí. A ti ní kí wọ́n bá wa ṣe àwo ìrántí tí wọ́n máa fín orúkọ yín sí."

"Ta ló sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí?"

"Ìgbìmọ̀ ló rí i, mà. Ọjọ́ orí ò ṣeé bá jà, ọwọ́ á máa ṣì. A ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà, a sì fi ọgbọ́n kọ ọ́." Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, èérún ẹ̀pà bọ́ sórí rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́."

Motọ́lání tẹ lẹ́tà ìdágbére ara rẹ̀. Kíbọọ̀dù gbé ìdajì rẹ̀ mì. Ọjọ́ yẹn nìkan ni òun àti ẹ̀rọ náà fi ohùn ṣọ̀kan.

Ó nílò iṣẹ́ náà, kí á má purọ́. Àmọ́ ohun tí kò jẹ́ kó lè jẹun lọ́jọ́ yẹn ni gbólóhùn kan ṣoṣo, pé ọwọ́ òun ti ń ṣì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n Madam No Mistake, kí wọ́n wá fín in sára àwo, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀.

Àwọn atẹ̀wé ìjọba ayé ọjọ́sí ní àṣà kan: ohun tó bá ń bàjẹ́, wọn á máa kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, torí ọ̀gá á béèrè. Motọ́lání ní ìwé kékeré kan nínú àpò rẹ̀ tó ti ń kọ ti kíbọọ̀dù sí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n mú lẹ́tà wá, ó ṣí i. Mọ́ńdè, kò ṣe. Túsìdeè, kò ṣe. Wẹ́sìdeè, kò ṣe, Ṣọlápé fọwọ́ kan máòsì. Ojú ewé lé ojú ewé. Ó fẹ́ pa á dé tán kí ojú rẹ̀ tó ṣe kòńgẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí kò wọ́pọ̀ nínú ìwé náà: Ó ṣe. Satide ìparí oṣù Kẹjọ, ó ṣe. Satide ìparí oṣù Kẹsàn-án, ó ṣe. Satide ìparí oṣù Kẹwàá, ó ṣe títí di aago mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kò ṣe mọ́.

Aago mẹ́wàá ni ìpàdé máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, Ààrẹ á ti ti àpótí.

Motọ́lání yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo àpótí irin náà látòkè délẹ̀, orúkọ, àgádágodo, gbogbo rẹ̀, ó sì pa òṣé kẹta. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀.

"Yétúndé, kinní kékeré tí wọ́n ń kì sẹ́yìn sípíyù yẹn, ṣé irin lè dí i létí?"

"The receiver? Mummy, where una put am?"

"Inú àpótí irin. Alágàádágodo méjì."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dáhùn. "Mummy! Una lock am inside iron, una come dey vex say e no dey hear? Na so person go enter tank, make you dey call am from outside."

"Má fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi kọ́ ni mo tì í."

"Just comot am from the box. Simple."

"Ó rọrùn. Wá bá mi sọ ọ́ fún Bàbá Ààrẹ."

Èdè Bìní àti pijin ló rọ Yétúndé lẹ́nu jù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò gbọ́ nínú Yorùbá, pàápàá èyí tí a ò sọ. "Na him name dey the box?"

"Òun ni."

"Ah. Mummy, pẹ̀lẹ́."

Satide náà pé. Motọ́lání ti dé ọ́fíìsì ní aago mẹ́jọ, ó wọ aṣọ bí ẹni tó ń lọ gbọ́ ìdájọ́ ní kóòtù. Àwo ìdágbére rẹ̀ wà lórí àga nínú ọ̀rá. Nígbà tí Alàgbà Títíloyè wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tí Ṣọlápé àti àwọn ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá Ààrẹ, ẹ káàárọ̀ o. Kí ẹ tó ṣí àpótí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan kí n tó lọ sinmi."

"Ẹ sọ ọ́, Ìyá Yétúndé. Ọjọ́ yín lòní."

"Ọ̀rọ̀ ìkíni yín ló máa síwájú nínú ìwé ọgbọ̀n ọdún. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ yín ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orúkọ yín péré, sà."

Ta ni yóò kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀? Alàgbà jókòó, ó ká apá agbádá sí èjìká, ó tẹ orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo lẹ́tà tó tẹ̀, mẹ́ta ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún un tẹ̀. Méjì. Ó fi agbára tẹ̀ ẹ́, tábìlì mì. Lẹ́tà kan ṣoṣo dé, ó dé ní ìgbà mẹ́sàn-án.

Ṣọlápé bẹ̀rẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀nà, ó sáré ṣáájú rẹ̀. "Ọwọ́ yín ló wú–" Ó gbé ẹ̀pà mì.

"Ẹ parí ẹ̀, Bùrọ̀dá Ṣọlápé," ni Motọ́lání wí. "Ọwọ́ Bàbá ṣe kí ni?"

"Ó... ó gún régé, mà. Ó gún régé, sà."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ooru ló mú sípíyù nínú àpótí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i kó mí."

Ààrẹ ṣí àgádágodo méjèèjì. Ooru kọ́kọ́ jáde, òórùn tẹ̀ lé e, aáyán mẹ́rin ló gbẹ̀yìn, ọ̀kan nínú wọn gba orí bàtà Ṣọlápé kọjá bí ẹni tó mọ ilé. Ẹyin ọmọńlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kinní kékeré tó dà bí èékánná. Motọ́lání yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ wá tún un tẹ̀, sà."

Alàgbà Títíloyè tẹ orúkọ rẹ̀. Ó jáde pé pérépéré, pẹ̀lú J àti A rẹ̀.

Motọ́lání tọ́ka sí ilẹ̀kùn irin náà.

"Ẹ bá wa tì í padà, sà. Nítorí olè."

Ó tì í. Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà méjì. Ó ṣí i fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ pé. Ó tì í. Ó ṣí i. Ojú gbogbo wa ń lọ láti orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà sí orúkọ tó wà lára irin, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ kí ojú rẹ̀ pẹ́ lórí èkejì. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Alàgbà fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ó tú apá agbádá rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Mo ti fura sí i tipẹ́," ló wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa rí i ni."

"Ẹ ṣeun, sà," ni gbogbo wa dáhùn. Ohùn Ṣọlápé ló ròkè jù.

Ìpàdé ọjọ́ yẹn ò pẹ́. A fẹnu kò pé kí sípíyù jáde kó máa jókòó sórí tábìlì, kí á fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí lẹ́tà ìdágbére sì dúró ná. Tèmidire ń kí gbogbo ilé, kò sí ẹni tó tún dárúkọ ìka fífúyẹ́. A kò gbé àpótí irin kúrò níbẹ̀, torí ẹ̀bùn àgbà kì í fi ọ́fíìsì sílẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kó wà lófìfo, ìyẹn náà á jọ àrífín. Àwo ìdágbére Motọ́lání ni a tì mọ́ inú rẹ̀, pẹ̀lú àgádágodo méjèèjì, títí di ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ ẹ́ ní tòótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ìpàdé wá fún un láti tẹ̀. Ó kọ́kọ́ nu máòsì. Ó wá bẹ̀rẹ̀: Ìpàdé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ààrẹ fún òye àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n fi ṣàwárí àléébù kíbọọ̀dù, nígbà tí ó ti sú gbogbo ènìyàn. Ó tẹ̀ ẹ́ dé òpin, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe ní sẹkitéríàtì. Lẹ́tà kan ò ṣì. Kíbọọ̀dù ò gbé ohunkóhun mì.

Ó fọwọ́ sí i, ó sì pòṣé. Èkejì ni, èyí tó jẹ́ ti ìjọba.